Màrìwò tí Mo So sí Ẹnu Àbàtà

Èmi ni mo so ó. Òrìṣà kankan ò rán mi, ẹ̀yà kankan ò sì bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Èmi tí mò ń kírun, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alájì bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kàlẹ́ńdà nìkan ni mo ti rí Mẹ́kà, èmi ni mo gé màrìwò lára ọ̀pẹ, tí mo so ó dábùú ẹnu ọ̀nà tó wọ inú igbó lẹ́yìn ilé mi, ní Warri, lásìkò tí àwọn èèyàn ń pa ara wọn nítorí ta ló ni ilẹ̀. Mo ti ṣe ohun òmùgọ̀ púpọ̀ láyé mi. Mo ti ra ọkọ̀ tí kò lè padà sẹ́yìn rí. Ṣùgbọ́n ti màrìwò yìí ni ọ̀gá gbogbo wọn.

Páànù ni mò ń tà níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi wá kí n máa bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó kú, mo kù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkeje ò sì ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí ọwọ́ mi lọ sókè díẹ̀, mo ra ilẹ̀ ní Ekurede-Urhobo, mo kọ́ ilé kékeré kan sí i. Ilé náà ló gbẹ̀yìn ní òpópónà wa, òun náà ló sì wà nísàlẹ̀ jù. Mi ò ní òmíràn, ní Warri tàbí ní Ìjẹ̀bú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bóyá màá máa gbé inú ilé yẹn lọ tàbí mi ò ní gbé ibẹ̀ mọ́ ni.

Àbàtà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tóbi, bí obìnrin kan bá ń bá ọmọ rẹ̀ wí ní òdìkejì, a máa ń gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ náà ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ògùrọ̀ inú rẹ̀ ṣú débi pé ọ̀sán gangan dà bí ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, omi dúdú kan sì wà lábẹ́ wọn tí kì í gbẹ tí kì í sì kún. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sí òpópónà wa, ibẹ̀ ló ń wọ́ lọ sùn. Àwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ ní agbègbè wa nígbà kan, wọ́n sì ti fi yanrìn dí gbogbo wọn, wọ́n ti kọ́lé lé wọn lórí. Mi ò lè purọ́: ọ̀pọ̀ àwọn ilé yẹn, páànù mi ló bò wọ́n. Ilé tí wọ́n bá kọ́ ni mo fi ń jẹun.

Ìdílé màmá àgbà kan tó ń gbé nítòsí wa ló ni àbàtà náà. Màmá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni alága àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Òun ló ń gba owó tí wọ́n ń pè ní deve lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá da yanrìn ìkọ́lé sílẹ̀; bí o kò bá san án, iṣẹ́ rẹ dúró nìyẹn. Nígbà tí ìjà le, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní àdúgbò tí wọn kò ti ní ara ilé, tí wọ́n ń wá ibi tí èdè wọn ti pọ̀ láti sùn, ilẹ̀ wá di góòlù lọ́dọ̀ wa. Alága wò ó, ó rí i pé àbàtà nìkan ló kù. Ó ní òun máa dí i, òun máa gé e sí pulọ́ọ̀tì.

Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá sọ ọ́, bí ẹni tó gbé ìròyìn ayọ̀ wá.

“Alájì,” ó ní, “gbogbo ilé tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ ni wọ́n ti máa ra páànù. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Ńgbàtí, you don hammer.”

Ńgbàtí ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé mo ti di olówó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní kóòkì tútù. Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi tó jókòó sídìí káńtà kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹ dúpẹ́?” ó ní.

“Mo dúpẹ́.”

“Tí wọ́n bá dí i tán, ilé ta ni omi máa sùn?”

Mo kó ìgò kóòkì kúrò lórí káńtà.

“Ẹ ó ta páànù dáadáa, Dádì. Ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wá fi gbé owó rẹ̀ wọlé.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún mi nìyẹn: oníṣòwò páànù tó ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n má kọ́lé. Mi ò sì ní ẹnu láti sọ ọ́. Ta ni mo máa sọ fún pé mi ò fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ wọn? Àlejò ni mí. Lásìkò yẹn, bí àlejò bá ti dárúkọ ilẹ̀, wọ́n á bi í pé ìhà ta ló wà.

Ẹ̀rù kejì sì wá bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ìbọn ń dún ní òdìkejì ìlú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dún ní oríta wa pàápàá, Alága sì ní ibẹ̀ lòun wà títí ilẹ̀ fi mọ́, òun ń ṣọ́ wa. Ní àárọ̀, a ó rí àwọn tó ń kọjá pẹ̀lú fóòmù lórí, ìkòkò lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Ìjọba ti kéde kónílégbélé. Oníbàárà kan, bó ṣe ń yan páànù, ló kàn sọ fún mi, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí, pé tí àwọn ọmọ ogun ẹ̀yà òdìkejì bá máa wọ Ekurede, wọn ò ní gba títì, inú àbàtà ni wọ́n máa gbà. “Ẹ̀yìn ilé rẹ gan-an ni ọ̀nà wọn.” Ó ra páànù rẹ̀, ó lọ. Ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà wọn.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. Lọ́jọ́ kan, táyà ọkọ̀ ńlá kan bẹ́ ní oríta. Mo fi fìlà sílẹ̀, mo fi bàtà kan sílẹ̀, mo sá wọ ilé tí mo kọ́kọ́ rí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ìyá tó ń gbàdúrà, mo sì ti ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ibi tí mo wà. Àdúgbò kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa fi ẹnu ṣe “póò” tí mo bá ń kọjá.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí àsìkò kónílégbélé tó tó, mo mú àdá jáde sẹ́yìn ilé. Ohun tí mo rò nìyí. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé, igbó kan wà lẹ́bàá oko bàbá mi tí wọ́n so màrìwò dábùú ẹnu rẹ̀. Àgbà ò kọjá níbẹ̀, ọmọdé ò kọjá níbẹ̀. Àwọn agbowó-orí tí kì í bẹ̀rù ọlọ́run kankan, wọ́n á yà gba inú ẹ̀gún. Mo ní ẹni tó gbé ìbọn náà, obìnrin ló bí i, ó ní ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Bó bá rí màrìwò, á yà. Ibi tó bá yà sí, kì í ṣe ilé tèmi. Mo gé màrìwò, mo so ó láti igi ògùrọ̀ kan sí èkejì, mo sì wá ka Àyátúlù-Kúrúsíyù, àdúrà ààbò inú Àlùkùránì, sí i, kó má bàa dà bí ẹni pé mo yí ẹ̀sìn padà. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ọmọ mi ló jí mi. Àwọn ọmọ mi, bí a bá bá wọn sọ Yorùbá, èdè Warri ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn.

“Papa,” ó ní, “dem tie something for bush.”

Nígbà tí mo jáde, gbogbo òpópónà ti wà níbẹ̀. Típà kan tó kó yanrìn dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún lọ, dírẹ́bà rẹ̀ sì ti sọ̀kalẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera. Alága ń sọ fún un pé kó wọlé lọ da yanrìn rẹ̀. Dírẹ́bà ní òun ní ọmọ nílé.

“Màrìwò lásán ni.”

“Ìwọ tú u nígbà náà.”

Alága wo màrìwò náà. Kò tú u. Ó bínú sí dírẹ́bà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tú u. Típà padà sẹ́yìn, ó gbé yanrìn rẹ̀ lọ. Màmá dúró lẹ́yìn gbogbo wa pẹ̀lú abọ́ ẹ̀gẹ́ lórí, ó wo ẹnu àbàtà pẹ́ títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ màrìwò náà kọjá, ó lọ rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Inú mi dùn fún bí àkókò tí èèyàn fi ń fọ eyín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní àwọn òdìkejì ti wá fi àmì sórí ilẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi àmì sí ilẹ̀ lónìí, á wá gbà á lọ́la. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rárá. Nílé wa, ẹni tó bá so màrìwò ń sọ pé kí èèyàn má wọlé. Níbẹ̀ náà, ohun kan náà ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí wọ́n ti ń jà nípa ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó bá ní kí o má wọlé ti sọ pé òun lonílé.

Ìyàwó mi fà mí wọlé.

“Dádì, okùn wo lẹ fi so ó?”

“Ta ló ní èmi ni?”

“Mi ò bi yín ìyẹn. Okùn wo ni?”

Okùn rọ́bà yẹ́lò ni. Okùn ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ni mo ń fi di páànù mọ́ orí ọkọ̀ àti ọ̀kadà fún gbogbo oníbàárà. Mo yọjú lójú fèrèsé, ó ń tàn yanran lẹ́nu àbàtà níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ orúkọ mi sí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó gbà mí ni pé kò sí ilé tí okùn náà kò sí. Wọ́n fi ń sá aṣọ, wọ́n fi ń so ewúrẹ́, wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bàjẹ́. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń fi okùn yẹn ṣe èènì fún àdúgbò náà.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n yan àwọn ọkùnrin tó máa ń ṣọ́ ẹnu àbàtà pẹ̀lú àdá, ẹ̀yìn yàrá mi gan-an ni wọ́n ń jókòó sí. Màrìwò tí mo so kí n lè rí oorun sùn, òun ló kó ọkùnrin àti àdá wá sábẹ́ fèrèsé mi. Bí wọ́n bá wúkọ́, èmi náà a dìde jókòó. Ìyàwó mi a máa se tíì fún wọn. Èmi ni mo ń gbé e lọ, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á wá sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹni tó so ó, èmi á máa sáré kó kọ́ọ̀pù tí wọn ò tíì mu tán, wọ́n á ní Alájì, má bẹ̀rù, a wà níbí.

Àwọn típà míràn wá, wọ́n rí i, wọ́n padà. Òjò ńlá kan rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Mo dúró sẹ́yìn ilé, mo wò ó bí omi gbogbo òpópónà ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ògiri mi kọjá, tó sì wọ inú igi ògùrọ̀ lọ láìpariwo. Ilẹ̀ yàrá mi gbẹ táútáú. Mo rò ó nínú ara mi pé bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀rọ̀ náà á sú Alága, bóyá ìjà á parí, bóyá ohun gbogbo á kàn lọ. Èèyàn tí ẹ̀rù bá ń bà gbọ́n púpọ̀ nínú dídákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ṣàkíyèsí okùn náà, ó ní ará òpópónà wa kan ló bá òdìkejì so ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo okùn ìsáṣọ ilé kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n gé e. Obìnrin kan wà lójú kejì wa tó ń ta ẹja tútù. Ọmọ àdúgbò ni ọkọ rẹ̀, ó ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀, ará etí omi ni, inú ẹ̀yà tí àdúgbò wa ń bá jà ni wọ́n bí i sí. Okùn rẹ̀ kúrú. Ẹnì kan rántí pé ó gùn tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà ní ẹja lòun fi èyí tó kù so. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ọkọ rẹ̀ sì máa bá a lọ bó bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ló gbọ́ ọ. Ó wọlé, ó sọ ọ́ fún mi ní gbólóhùn kan. Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó lọ sínú yàrá, ó mú fìlà mi wá, ó gbọn eruku rẹ̀, ó gbé e lé orókún mi.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n péjọ sí. Ìyá ẹlẹ́ja dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń tún ìró rẹ̀ ró, ó ń tú u, ó tún ń ró o. Màmá jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe dé àárín wọn.

“Èmi ni mo so ó,” mo ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò retí nìyẹn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbátí, mi ò múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

“Alájì, lọ sílé,” Alága ní. “Ìwọ tí táyà lé wọ ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Èmi ni.”

“Ó ń dáàbò bo obìnrin yìí ni,” ẹnì kan ní. “Ó ń jẹ ẹja rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Mo wá rí i pé àfi kí n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo ṣẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti oníbàárà, mo sọ ti ọ̀nà wọn, mo sọ ti oko bàbá mi, mo sọ ti Kúrúsíyù. Mo sọ bí mo ṣe ń gbé tíì fún wọn nínú òkùnkùn tí wọ́n ń lérí ohun tí wọ́n máa ṣe fún mi. Ẹ̀rín náà ń kú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé orí okùn ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ta ló rán ẹ?” Alága bi mí.

“Ẹ̀rù.”

“Àlejò ni ẹ́, Ńgbàtí.” Kò pariwo, ìyẹn ló burú. “A ta ilẹ̀ fún ẹ. O jókòó sórí rẹ̀, o wá fi àmì sí èyí tí a kò tà fún ẹ. O ti dá iṣẹ́ mi dúró. Àwọn ọmọ èèyàn ò sùn nítorí rẹ. Ìwọ náà lọ kó ẹrù rẹ. Kí obìnrin yìí dúró, kí ìwọ máa lọ.”

Mo wo ọ̀nà ilé mi. Páànù orí rẹ̀ ni mo rí, ẹ̀gbẹ́ kan ti ń dípẹtà. Èmi oníṣòwò páànù.

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Urhobo ló fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, èdè Warri ló fi sọ ọ́, kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn ní oríta,” ó ní, “níbo lo sùn?”

“Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.”

“O sọ fún gbogbo àdúgbò pé oríta lo wà, pé ò ń ṣọ́ wa. Mo dákẹ́. Níbo lo sùn?”

Alága wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wo ibòmíràn.

“Inú àbàtà,” Màmá ní. “Omi dé ọ ní ìgbáròkó. Èmi ni mo gbé ẹ̀bà wá bá ọ lábẹ́ igi ògùrọ̀ ní àárọ̀. Ẹ̀rù tó mú ìwọ wọ inú rẹ̀ náà ló mú Yorùbá yìí dí ẹnu rẹ̀. Ìwọ lo jẹ́ alága, òun ni kó máa lọ?”

Ìyá ẹlẹ́ja gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Màmá mú ẹ̀gẹ́ míràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, kò sì gbójú sókè mọ́ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

“Obìnrin yìí máa dúró. Yorùbá náà máa dúró, kó lọ tú ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Iwájú àbàtà tó gbẹ, tà á, kọ́lé síbẹ̀, kí àwọn tó ń ru fóòmù kiri rí ibi sùn. Ibi tí omi wà, má da yanrìn kan sí i. Ọjọ́ tí ìbọn bá tún dún, ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé títì mọ́. Ibẹ̀ ni wàá gbé mi lọ.”